Ìpín Nínú Ilé Oúnjẹ: Ohun Tí Àwọn Olùdókòwò Ń Jiyàn Lé Lórí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Olówó ń jẹun, tálákà ń jẹun. Bí ọjà bá dùn, a ó jẹ, bí kò bá sì dùn, a ó ṣáà wá nǹkan fi sẹ́nu. Nítorí èyí, ó máa ń dà bí ẹni pé kò sí òwò tí ó dáni lójú tó òwò oúnjẹ, àti pé ẹni tí ó bá fi owó rẹ̀ ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí ń ta oúnjẹ ti bọ́ lọ́wọ́ òfò. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí wò dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ra ìpín ní owó kékeré, ó di òbítíbitì owó. Àwọn mìíràn ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń yìn, kò sì pé ọdún márùn-ún tí ilé-iṣẹ́ náà fi wó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí ọjà ìpín ń ru sókè ní ilẹ̀ Nàìjíríà kí ọdún 2008 tó dé, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni wọ́n kó owó tí wọ́n ti ń tọ́jú bọ̀, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ yá owó ní báńkì, kí wọ́n lè ra ìpín. Nígbà tí ọjà náà wó, gbèsè kò bá a wó. Nítorí náà, ó yẹ kí á mọ ohun tí àwọn tí ń ra ìpín ń wò, kí á mọ ìdí tí ẹni méjì fi lè wo ilé-iṣẹ́ kan náà, kí ọ̀kan sáré rà, kí èkejì sáré tà. Ilé oúnjẹ tí a ń sọ ni irú èyí tí a ti ń sanwó lórí káńtà, tí oúnjẹ ń jáde lójú ẹsẹ̀, tí orúkọ kan náà sì wà lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ní oríṣiríṣi ìlú.

Kí ni à ń pè ní ìpín?

Ká sọ pé ìyá olóńjẹ kan ní búkà ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ó fẹ́ ṣí méjì sí i, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ó lè lọ yá owó. Bí ó bá yá a, dandan ni kí ó san án padà pẹ̀lú èlé, ọjà ìbáà tà, ìbáà má tà. Ó sì lè pín òwò náà sí ọ̀nà 100, kí ó ta 40 nínú rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ra ọ̀kan ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni òwò náà. Bí èrè bá wà, wọn a pín fún un. Bí òwò bá ń gbilẹ̀, ẹlòmíràn yóò fẹ́ ra ìpín ọwọ́ rẹ̀ ní iye tí ó ju èyí tí òun rà á lọ. Bí òwò bá sì wọ gbèsè, àwọn tí a jẹ lówó ni yóò kọ́kọ́ gba tiwọn. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni ti onípìn-ín, bí nǹkan kan bá ṣẹ́kù rárá.

Ọjà ìpín ni ibi tí wọ́n ti ń ra irú ìpín bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì ń tà á. Iye tí wọ́n ń ta ìpín kan lónìí kì í ṣe iye tí òwò náà tó ní tòótọ́. Èrò ọkàn àwọn tí ń rà àti àwọn tí ń tà ni iye náà ń sọ, èrò a sì máa yí padà.

Ìhà méjì

Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìpín ilé oúnjẹ ní àwíjàre mẹ́rin. Èkíní, oníbàárà kì í jẹ ilé oúnjẹ ní gbèsè. Owó ni ó kọ́kọ́ ń san kí ó tó gba àwo. Èkejì, bí ètò kan bá ti kẹ́sẹ járí ní ìlú kan, a lè gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tí ó lè se oúnjẹ ọ̀sán ní òkè òkun kí ó fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá bá ni díje, bí wọ́n ti ń ṣe sí aṣọ àti bàtà. Ẹ̀kẹrin, gbogbo ènìyàn lè fi ojú ara wọn wo òwò náà: ṣé èrò ń wọlé, ṣé ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣé oúnjẹ ń pẹ́? Peter Lynch, ará Amẹ́ríkà tí ó bójú tó àpò ìdókòwò Magellan láti 1977 sí 1990, gbajúmọ̀ fún irú ọgbọ́n yìí. Ó ra ìpín Dunkin' Donuts, kọfí ibẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń mu ni ó sì kọ́kọ́ fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ó máa ń kìlọ̀ pé fífẹ́ràn kọfí nìkan kò tó. Ènìyàn gbọ́dọ̀ ka ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà kí ó tó san owó.

Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ náà ní tiwọn í wí. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìkòkò àti ààrò lè dá òwò oúnjẹ sílẹ̀ lọ́la. Wọ́n ní ohun tí ó dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu lónìí lè di ohun ìgbàgbé lọ́dún tí ń bọ̀. Owó ẹran, owó epo àti owó oṣù òṣìṣẹ́ kì í dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi owó lé oúnjẹ láìdẹ́kun, nítorí bí nǹkan bá le, ènìyàn a padà sí ìdí ààrò ilé rẹ̀.

Òtítọ́ ni àwọn ìhà méjèèjì ń sọ. Ohun tí ó ya ilé-iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé fún un.

McDonald's: ẹran ni àbí ilẹ̀?

Richard àti Maurice McDonald, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, ni wọ́n dá ilé oúnjẹ yìí sílẹ̀ ní San Bernardino, ní ìpínlẹ̀ California, ní 1940. Ray Kroc, tí ó ń ta ẹ̀rọ ìpo-mílíìkì, rí bí iṣẹ́ wọn ti yá tó, ó bá wọn ṣe àdéhùn, ó sì ṣí tirẹ̀ ní Des Plaines, nítòsí Chicago, ní 1955. Ní 1961 ó ra gbogbo ẹ̀tọ́ wọn ní 2,700,000 dọ́là.

Àwọn tí ń jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran níbẹ̀ lè rò pé ẹran ni McDonald's ń tà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Harry Sonneborn, tí ó ń bójú tó owó fún Kroc, ni ó gbé ètò kan kalẹ̀: ilé-iṣẹ́ náà yóò ra ilẹ̀ tàbí kí ó háyà rẹ̀, yóò wá fi ilé tí ó wà lórí rẹ̀ háyà fún ẹni tí ó fẹ́ lo orúkọ McDonald's. Ẹni náà yóò máa san owó fún lílo orúkọ, yóò sì tún máa san owó ilé tí ń pọ̀ sí i bí ọjà rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Ní òpin 2024, ilé oúnjẹ tí ń jẹ́ McDonald's ní àgbáyé lé ní 43,000, nǹkan bí 95 nínú 100 wọn ni ó sì wà lọ́wọ́ irú àwọn ayálégbé bẹ́ẹ̀.

Bí ẹran bá wọ́n, ayálégbé ni ó kọ́kọ́ máa ń dùn, nítorí èrè rẹ̀ ni yóò dín kù. Owó ilé tí McDonald's ń gbà dúró lórí iye tí ayálégbé tà, kò dúró lórí èrè tí ó jẹ. Ìdí nìyí tí àwọn olùdókòwò kan fi ń ka ìpín yìí sí ìpín onílé, tí ọkàn wọn sì balẹ̀ sí i. Àwọn mìíràn ń dáhùn pé bí ayálégbé kò bá rí jẹ títí, kò ní lè tún ilé ṣe, kò ní lè gba òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó, oníbàárà yóò sì sá. Lójú tiwọn, ìlera ayálégbé ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra ìpín wò.

Bí èrò ti ń yí

Ní oṣù Kẹrin 1965 ni wọ́n kọ́kọ́ ta ìpín McDonald's fún gbogbo ènìyàn, ní 22.50 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ra 100 san 2,250 dọ́là. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni ilé-iṣẹ́ náà ti pín ìpín rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, 100 yẹn sì ti di 74,360. Ní òpin 2024, tí ìpín kan ń tà ní nǹkan bí 290 dọ́là, gbogbo rẹ̀ ti lé ní 21 mílíọ̀nù dọ́là.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ọ̀nà náà tẹ́jú. Kò tẹ́jú rárá. Warren Buffett, tí ó jẹ́ ọ̀gá Berkshire Hathaway nígbà náà, ta ìpín McDonald's tí ó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Nínú lẹ́tà ọdún 1998 sí àwọn onípìn-ín rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ńlá ni títà náà, nítorí owó ìpín náà ti gbé sókè lẹ́yìn tí òun tà á. Nígbà tí ó fi di ìparí 2002, McDonald's kéde òfò oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ láti 1965. Ní oṣù Kẹta 2003, ìpín rẹ̀ wálẹ̀ dé nǹkan bí 12 dọ́là. Àwọn tí ń sọ pé Buffett ṣe àṣìṣe wá ń sọ pé ojú rẹ̀ ríran. Ṣùgbọ́n ní òpin 2011 ìpín kan náà ti lé ní 100 dọ́là, gbogbo ẹnu sì tún yí padà.

Kí ni ó fa ìyípadà náà? Kí 2003 tó dé, ilé-iṣẹ́ náà ń ṣí ilé tuntun ní àṣíkúnṣí, nígbà tí àwọn ilé àtijọ́ ń dọ̀tí, tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ sì ń lọ́ra. Lẹ́yìn náà, ó dín ilé tuntun kù, ó dojú kọ títún àwọn tí ó wà nílẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó ń wo iye owó ìpín nìkan ní 2003 rí ilé-iṣẹ́ tí ń kú lọ. Ẹni tí ó ń wo ilé oúnjẹ fúnra rẹ̀ rí aláìsàn tí ó ti ń lo oògùn. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Ilé tuntun lè bo ilé àtijọ́ mọ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kékeré ṣe àlàyé. Ilé-iṣẹ́ kan ní ilé oúnjẹ 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ta ọjà ₦1,000,000 lóṣù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦10,000,000. Lọ́dún kejì ó ṣí 5 sí i, àwọn wọ̀nyí náà sì ń ta ₦1,000,000 kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn 10 àkọ́kọ́ ti rẹ̀yìn sí ₦900,000 kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦14,000,000. Ìwé ìròyìn yóò kọ ọ́ pé ọjà wọn fi 40 nínú 100 gbèrú. Bẹ́ẹ̀, òótọ́ inú rẹ̀ ni pé àwọn ilé àtijọ́ ti pàdánù 10 nínú 100. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ òwò yìí fi máa ń kọ́kọ́ béèrè iye tí àwọn ilé tí ó ti lé ní ọdún kan ń tà, kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun mìíràn.

Boston Chicken ni àpẹẹrẹ ẹni tí ìdàgbàsókè tàn jẹ. Adìẹ sísun ni wọ́n ń tà, oúnjẹ náà sì dùn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta ìpín rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1993, 20 dọ́là ni wọ́n tà á. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti di 48.50. Èrè ń wọlé lọ́dọọdún, bí ìwé ìṣirò ti wí. Ṣùgbọ́n níbo ni èrè náà ti ń wá? Ilé-iṣẹ́ náà ń yá àwọn tí ń lo orúkọ rẹ̀ lówó láti fi ṣí ilé tuntun. Àwọn wọ̀nyí ń mú nínú owó yìí san owó orúkọ àti èlé padà fún un, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó tí ó wọlé. Àwọn ayálówó náà ń pàdánù, ṣùgbọ́n òfò wọn kò sí nínú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́. Ó dà bí ìyá olóńjẹ tí ó fún àwọn ọmọ rẹ̀ lówó pé kí wọ́n wá ra oúnjẹ òun, tí ó wá ń yangàn pé ọjà òun tà. Àwọn kan tí wọ́n ka ìwé náà dáadáa ti ń pariwo, ṣùgbọ́n ariwo ìyìn bo tiwọn mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1998, Boston Chicken wọ ilé ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè mọ́. Adìẹ kò yí adùn padà. Ètò owó ni kò ní ìpìlẹ̀.

Bí àìsàn bá wọ inú àwo

Ewu kan tún wà tí òwò aṣọ kò ní. Ní 1993, ẹran tí kò jinná ní àwọn ilé oúnjẹ Jack in the Box ní Amẹ́ríkà kó àìsàn bá àwọn ènìyàn tí ó lé ní 700, ọmọdé mẹ́rin sì kú. Ẹ̀mí ọmọ ju owó ìpín lọ, kò yẹ kí á ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ọjà nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra ìpín ilé oúnjẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìwà àìbìkítà ní ìdí ààrò kan lè ba orúkọ ẹgbẹ̀rún ààrò jẹ́.

Ti Chipotle tún kọ́ ni lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Denver ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1993, kì í sì í fi orúkọ rẹ̀ yáni ní Amẹ́ríkà. Òun ni ó ni àwọn ilé rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2006 wọ́n ta ìpín rẹ̀ ní 22 dọ́là, ó sì di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó fi di 2015 ó ti lé ní 700 dọ́là. Lọ́dún náà ni àwọn tí ó jẹun níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn ní ìpínlẹ̀ mélòó kan, àwọn onípìn-ín sì bẹ̀rẹ̀ sí tà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018 ìpín náà kò tó 300 dọ́là. Ṣùgbọ́n àwọn kan sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ilé-iṣẹ́ náà kò jẹ gbèsè tí ó lè pa á, ó sì ń tún ọ̀nà ìsebẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ní oṣù Kẹfà 2024, nígbà tí ó pín ìpín kan sí 50, ìpín kan ti lé ní 3,000 dọ́là.

Ẹ má ṣe fi èyí sọ pé gbogbo ohun tí ó bá ṣubú ni yóò dìde. Chipotle dìde nítorí pé àwọn ilé rẹ̀ ń jèrè kí àìsàn tó dé. Boston Chicken kò ní irú rẹ̀, kò sì dìde fún àwọn onípìn-ín rẹ̀.

Iye tí a rà á

Ilé-iṣẹ́ lè dára, kí ìpín rẹ̀ má dára fún ẹni tí ó rà á lọ́wọ́n jù. Bí ìpín kan bá ń mú èrè ₦2 wá lọ́dún, tí a rà á ní ₦20, èrè ọdún 10 ni a san. Bí a bá rà á ní ₦100, èrè ọdún 50 ni a san tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó san ₦100 ń sọ pé èrè náà yóò pọ̀ sí i kíákíá. Bí ó bá pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, òwò náà kò bàjẹ́, síbẹ̀ owó ẹni náà ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí ìpín ilé oúnjẹ kì í ṣe lórí bóyá oúnjẹ dùn. Ó jẹ́ lórí iye ọdún tí ènìyàn gbà láti san tẹ́lẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa

Ní 1986 ni UAC ṣí Mr Bigg's láti inú ibi ìpanu tí ó wà ní ilé ìtajà Kingsway. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ìpín UAC kò ra ilé oúnjẹ nìkan. Ó ra ọ̀dà ìkunlé àti oúnjẹ ẹran ọ̀sìn mọ́ ọn. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ Famous Brands ti South Africa ra 49 nínú 100 ẹ̀ka ilé oúnjẹ UAC. Tantalizers, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Festac ní Èkó ní 1997, ni ó gbé ìpín tirẹ̀ wá sí ọjà ní 2008.

Ọdún tí ó burú ni. Ní oṣù Kẹta 2008 ni òṣùwọ̀n gbogbo ìpín ní ọjà Èkó dé góńgó, ó lé ní 66,000. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹta 2009 kò tó 20,000 mọ́. Ìpín Tantalizers bá wọn wálẹ̀, ó sì wà ní 50 kọ́bọ̀ fún ọdún pípẹ́, iye tí ó kéré jù lọ tí òfin ọjà gbà nígbà náà. Kì í ṣe ọjà nìkan ni ó fà á. Ẹni tí ó bá ṣí ilé oúnjẹ ní ìlú wa ni ó ń fa iná ara rẹ̀: owó dísù fún jẹnẹrétọ̀ kò sí nínú ìṣirò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ àlìkámà tí a fi ń ṣe ìyẹ̀fun mítípáì ti ń wá, nítorí náà, bí náírà bá ti wálẹ̀, bí ó ti ṣe láti oṣù Kẹfà 2023, mítípáì gbọ́dọ̀ wọ́n. KFC wọlé ní 2009, Domino's ní 2012, wọ́n wá du oníbàárà kan náà. Ìyá olóńjẹ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú àmàlà gbígbóná, kò sanwó káńtà, kò sanwó ẹ̀rọ amúlétutù. Èrò pọ̀ ní ilé oúnjẹ wa lóòótọ́. Ohun tí ó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san gbogbo owó wọ̀nyí ni ìbéèrè.

Ìkádìí

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, a lè fa ìbéèrè márùn-ún yọ. Ta ni ó ni ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ náà? Èló ni àwọn ilé àtijọ́ ń tà? Ǹjẹ́ èrè náà wá láti ọwọ́ ẹni tí ń jẹun, àbí láti ọwọ́ ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yá lówó? Bí àjálù bá dé, ṣé gbèsè rẹ̀ yóò jẹ́ kí ó mí? Èrè ọdún mélòó ni a ń san tẹ́lẹ̀?

Ìdáhùn wọn wà nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún tí òfin ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní ọjà ìpín máa tẹ̀ jáde, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì lè ka ìwé lè kà á. Àwọn tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwa ń fi owó wọn lé lọ́wọ́ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Olùkọ́ tí ó fi ogún ọdún tọ́jú owó kò ní ogún ọdún mìíràn láti fi kó o jọ.